Ìhà Tí Verna Tatro Wà

Verna Tatro kì í pẹ́ dé ìpàdé. Lọ́jọ́ Túsìdeè àkọ́kọ́ nínú oṣù Mààsì, tí gbogbo ìlú Dunmoor máa ń pé jọ sí gbọ̀ngàn eré ilé-ìwé láti dìbò lórí ètò ìnáwó ọdún, òun ló sábà máa ń to àga, òun ló ń gbé omi kọfí kaná. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Kò sówó níbẹ̀. Iṣẹ́ ìlú ni. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni ti ìdí káńtà ṣọ́ọ̀bù kan, níbi tó ti ń ta oúnjẹ màlúù fún àwọn tó ṣì ní màlúù. Òun ti ta tirẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí Emile ọkọ rẹ̀ kú.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tó bá sì sọ, kì í yí i padà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń dìbò fún un.

Láti oṣù Nọ̀fẹ́ḿbà ni ìgbìmọ̀ ti ń to ètò ìnáwó ọdún náà. Èèyàn márùn-ún ni wọ́n, wọ́n yí tábìlì kan ká ní yàrá ìkàwé, lórí àga tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Òrùlé ń jò. Epo tí ń mú ilé-ìwé gbóná ti wọ́n sí i. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ bọ́ọ̀sì kan. Wọ́n gé níbí, wọ́n gé lọ́hùn-ún, wọ́n tún padà gé ibi tí wọ́n ti gé tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ orin nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Verna ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Òun náà ló kọ ìpínrọ̀ tó gbèjà rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan.

Adele Quimby ni olùkọ́ náà. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Dunmoor. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn fún Emile, ó kó ọmọ méje wá sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Òtútù oṣù Jánúárì náà le débi pé àwọn ọmọ ki fèrè sábẹ́ abíyá, sínú kóòtù, kó má baà dì gbagidi, wọ́n sì ń yọ ọ́ jáde nígbà tó bá tó kàn wọ́n láti fun ún. Verna ò gbàgbé.

Nígbà tí ètò náà parí, Prentiss Doane tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan, bó ṣe máa ń bi wọ́n lọ́dọọdún.

"Ṣé kò sẹ́ni tí kò ní lè dúró ti èyí níwájú ìlú? Kó sọ ọ́ níbí. Ohun tá a bá sọ níbí, ibí náà ló máa kú sí."

Ìwé owó orí ilé, owó tí ìlú fi ń bọ́ ilé-ìwé, wà nínú báàgì Verna, ní ẹsẹ̀ àga. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló dé. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan dáná yíyá sí kíṣìnì nìkan, ó ti ilẹ̀kùn yàrá yòókù pa, kóòtù ló sì ń wọ̀ sùn. Ó wo ojú àwọn mẹ́rin tó kù. Prentiss, ọmọ tó gbójú-gbóyà, tó fi ọdún mẹ́tàlá kéré sí i, ń dúró dè é pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó yẹ kó sọ ọ́. Ojú tì í. Àwọn Tatro kì í sọ pé àwọn ò ní. Ó na ọwọ́ sókè pẹ̀lú wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni Mààsì ṣe dé.

Royce Hadlock ni alága ìpàdé, baba ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ń fi òòlù igi kékeré kan tọ́ ìlú sọ́nà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tó pe ọ̀rọ̀ kẹrin, tí í ṣe ètò ìnáwó ilé-ìwé, Lyman Stebbins dìde nínú bàtà rọ́bà rẹ̀. Àwọn ará ìlú ti ń rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

"Alága, mo dá a lábàá ká yọ owó olùkọ́ orin kúrò. Ẹ ó bú mi, mo mọ̀. Ẹ bú mi. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó wà létí adágún mi ń kọrin lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ mọ ohùn jù ọ́ lọ, Lyman!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Ìyẹn náà ni mò ń sọ. Ta ló kọ́ wọn?"

Ilé dà gbùrù fún ẹ̀rín. Adele náà rín in, ní ìlà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan. Prentiss fi ìgbúnwọ́ tọ́ Verna. Verna dìde. Ó ní ìgbìmọ̀ ti wo ọ̀rọ̀ náà sókè sódò. Ó ní ọmọ tí kò rẹ́ni kọ́ ọ ní nǹkan kan ju ìṣirò lọ, ebi ń pa á lọ́nà tí kò lè sọ. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n. Ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Èèyàn méje ní ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ni àwọn fẹ́, méje sì tó lábẹ́ òfin. Wọ́n pín ìwé pélébé fún gbogbo ilé: kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ olùkọ́ kọ "bẹ́ẹ̀ ni", kí ẹni tí kò bá fẹ́ kọ "rárá", kó ká a, kó sọ ọ́ sínú àpótí. Verna lọ sí ẹ̀yìn pátákó tí wọ́n gbé dúró fún ìdìbò, bíi tàwọn yòókù. Ó mú pẹ́ńsù.

Àbá Lyman ò wọlé rí. Lọ́dọọdún ni í dá irú rẹ̀, lọ́dọọdún ni í ṣubú, tí Lyman á sì jẹ ẹ̀wà ọ̀sán ìpàdé tán, á lọ sílé. Verna mọ ìyẹn. Ó kàn fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tẹ́nì kan ò ti ní gbọ́: agbára mi ò gbé e mọ́. Ó kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin.

Royce ka èsì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò dá a lójú nígbà àkọ́kọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, méjìléláàádọ́rin. Rárá, àádọ́rin. Àbá wọlé."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, Lyman pàápàá ò pa á. Verna ṣe ìṣirò náà láìfẹ́ ṣe é. Ká ní òun kọ "rárá", ì bá jẹ́ mọ́kànléláàádọ́rin sí mọ́kànléláàádọ́rin. Àbá tí ìbò rẹ̀ bá dọ́gba, ó ṣubú nìyẹn.

"A ó jẹun ná," ni Royce wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó parí ti ètò ìnáwó."

Verna lọ dúró sójú fèrèsé kíṣìnì ilé-ìwé, ó ń bu oúnjẹ, nítorí ẹni tó ń bu oúnjẹ kò ní láti jókòó ti ẹnikẹ́ni. Ìkòkò amọ̀ Adele ló wà níwájú rẹ̀, ẹ̀wà tó ti wà nínú ààrò láti àná, tí oje dídùn igi mápù ti wọ̀ dénú. Ìdérí rẹ̀ ti sán létí.

Lyman na àwo rẹ̀.

"Bu sí i, Verna. Ẹni tó borí ló ń jẹun."

"Ó yẹ kínú rẹ dùn."

"Inú mi ò dùn. Mo ka àwọn tèmi kí n tó wọlé. Àádọ́rin ni wọ́n, èmi náà wà níbẹ̀. Àwọn méjì yòókù yìí, ta ló bí wọn? Ẹnì kan wà láàárín yín tó ń jẹun lọ́dọ̀ yín, tó ń sùn lọ́dọ̀ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá.

Prentiss dé pẹ̀lú ife kọfí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọ̀nà kan ló kù," ló wí. "Kẹ́nì kan dìde, kó ní ká tún un wò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ òfin Royce: ẹni tó wà ní ìhà tó borí nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò lè ṣe é, ẹ̀yin náà ò lè ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ 'bẹ́ẹ̀ ni' ló gbọ́dọ̀ dìde lójú gbogbo ayé. Bí Royce bá sì ti pe ọ̀rọ̀ karùn-ún, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn tó kọ ọ́ ti ń jẹ kéèkì."

"O ò mọ̀," ni Verna wí.

"Kí ni mi ò mọ̀?"

Verna nawọ́ gba àwo ẹni tó kàn.

Adele ló dé kẹ́yìn, kò gbé àwo lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ kọjá lójú fèrèsé, ó di ọwọ́ Verna mú, pẹ̀lú ṣíbí àti gbogbo rẹ̀.

"Verna, mo fẹ́ dúpẹ́. Wò ó, má dá mi dúró, mi ò fẹ́ sunkún níbí. Ìwọ lo sọ̀rọ̀ fún mi. Ì bá ṣe pé gbogbo wọn ló rí bí ìwọ."

"Adele."

"Má ṣe bẹ́ẹ̀. Arábìnrin mi wà ní Maine, mo lè lọ síbẹ̀. Jẹun. Ojú rẹ ti funfun."

Ó tẹ ọwọ́ náà, ó sì lọ. Verna dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo nǹkan tí àlejò gbàgbé sílé. Ilẹ̀ kì í la ẹnu nígbà téèyàn bá nílò rẹ̀.

Wọ́n padà sórí àga. Àwọn kan ti lọ wo màlúù wọn. Royce kan òòlù. Wọ́n dìbò lórí ètò ìnáwó tó ti dín kù náà, gbogbo ọwọ́ lọ sókè kíákíá, bí ìgbà téèyàn ń fẹ́ kúrò nínú ilé tí wọ́n ti ń jà. Royce yí ìwé. Ó ti wo ọ̀rọ̀ karùn-ún, ti ọkọ̀ tí ń kó yìnyín, ó ti mí láti kà á.

"Alága."

"Verna?"

"Mo fẹ́ ká tún ìbò olùkọ́ orin wò, ká sì tún ti ìnáwó náà wò tẹ̀ lé e."

Royce gbé jígí ojú rẹ̀ sókè. Ó rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọmọdé tó ṣìnà sọ̀rọ̀. "Mo mọ bó ṣe dùn ọ́ tó. Ṣùgbọ́n o mọ òfin. Ẹni tó wà ní ìhà tó borí nìkan."

"Mo mọ òfin."

"Nígbà náà, jókòó, ọ̀wọ́n."

"Ìhà tó borí ni mo wà, Royce."

Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná ṣe ń kùn. Ó gbọ́ tí Prentiss, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbé ife kọfí kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ wo ilẹ̀, kò sì wò ó; àmọ́ kò lè wo ìlà kẹta.

"Tún un sọ," ni Royce wí. "Kí akọ̀wé lè kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni ni mo kọ. Èmi ni mo dúró síbí tí mo bẹ̀ yín, tí mo sì lọ kọ ọ́."

"Háà," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. Lyman ló tẹ̀ lé e. "Mo gbè é lẹ́yìn," ló sọ láìdìde. "Ká tún un wò." Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ò sọ ọ́ rí.

Wọ́n tún un wò. Nígbà tí wọ́n tún ka ìwé, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ní kí wọ́n yọ olùkọ́, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin kọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún Adele. Wọn ò wo ibi tábìlì ìgbìmọ̀ wà.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, Verna rí ìdérí ìkòkò nínú kíṣìnì. Adele ti gbé ìkòkò lọ láìdé e. Ó fọ ìdérí náà, ó nù ún, ó sì gbé e lórí itan nínú ọkọ̀ títí dé ilé Adele. Oòrùn ṣì wà. Ẹrẹ̀ ọ̀nà ń ta sára ọkọ̀.

Adele ṣílẹ̀kùn. Ó gba ìdérí. Kò ní kó wọlé.

"Kí ló dé, Verna?"

"Mi ò lè san owó orí ilé. Ẹ̀rù bà mí."

Adele gbé ìdérí náà mọ́ àyà. "Ṣebí o lè ti sọ fún mi. Ǹ bá bá ọ jókòó sí kíṣìnì rẹ, à bá jọ bẹ̀rù." Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tó sán létí ìdérí náà. "Mo di ọwọ́ rẹ mú," ló wí. "O jẹ́ kí n di ọwọ́ rẹ mú."

Ó ti ilẹ̀kùn, kò gbá a.

Verna kọ ìwé ìfipòsílẹ̀ sí ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ kejì. Prentiss dá a padà sí àpótí lẹ́tà rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sí i ju pé: Tọ́sìdeè, aago méje. Ó lọ. Wọ́n bi í léèrè iye tó lè san lówó orí, ó sì sọ ọ́, iye náà gan-an, ojú ń tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ẹlòmíràn nínú wọn sọ tirẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Adele ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá pàdé, ó ń kí i. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí. Ẹ̀wà rẹ̀ ṣì ń wá sí ìpàdé nínú ìkòkò kan náà, ẹlòmíràn ló sì ń bù ú.

Tí wọ́n bá sì pín ìwé ìdìbò, Verna kì í lọ sẹ́yìn pátákó mọ́. Ó ń kọ ọ́ lórí orúnkún, ó ń gbé e lọ síbi àpótí láìká a. Royce ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé òfin ní kó ká a.

"Mo mọ òfin," ló ń wí, á sì jù ú sínú àpótí bẹ́ẹ̀.