Ọwọ́ Tí Mummy Fi Fún Mi ní Ṣokoléètì

Ní Lyon, obìnrin Faransé tó ń mú wa tọ́ ṣokoléètì wò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní ká dákẹ́ ká gbọ́. Ó ṣẹ́ ọ̀kan, ó dún kà. Ó ní bí ojúlówó ṣe ń dún nìyẹn.

Mo mọ ìró yẹn láti kékeré, láti ilé wa ní Thamesmead, ní London. Ìyá arúgbó tí Mummy ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ló fún wọn ní ṣokoléètì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá mi ní, "Irọ́ ni. Ọkùnrin wo ló fún ẹ?" Láti pálọ̀ ni mo ti gbọ́ tí àwo fọ́ ní kíṣìnì, tí orí gbá ògiri.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́," Mummy ní, "ọmọ ń gbọ́."

Nǹkan dún kà. Ilé pa lọ́lọ́. Mo rò pé wọ́n ti ń pín ṣokoléètì, ni mo bá sáré wọ kíṣìnì.

Bàbá mi ti fi ìbínú jáde. Dòdò ń jóná. Mummy wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ẹnu wọn sórí páálí ṣokoléètì náà. Wọ́n fi ọwọ́ òsì na ṣokoléètì sí mi. Àwọn náà ló máa ń gbá mi létí tí mo bá fọwọ́ òsì gba nǹkan. Mo kọ̀ ọ́.

"Mummy, ọwọ́ òsì nìyẹn."

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn ni mo gbọ́ tó dún kà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó mọ̀.

"Gbà á bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ kan yìí ló kù."