Ọmọ Inú Ìgò

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé ayé tiwọn ni àríyànjiyàn lórí sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rédíò sọ pé àwọn dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe oyún nínú ìgò, tí ìyá rẹ̀ sì ti bí ọmọ náà láàyè, a jiyàn rẹ̀ títí ní yàrá olùkọ́ wa l'Ábẹ́òkúta. Àárò yàrá yẹn ṣì ń sọ mí: ẹfun ṣọ́ọ̀kì lára aṣọ gbogbo wa, ẹ̀pà àti gúgúrú láàárín tábìlì, ojú ń wo ojú bí a ti ń jiyàn.

Ọ̀gá wa, tí wọ́n máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àṣejù gbáà ni.

"Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀," ni Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Lárúbáwá wí. "Bí Ọlọ́run ò bá fẹ́, ṣé ìgò á lóyún?"

Mo béèrè orúkọ àmútọ̀runwá tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ jáde, Ìgè là ń pè é. Èyí tó ti inú ìgò wá ńkọ́?

"Ìgòbùnmi!" ni Ààfáà dáhùn.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi obìnrin tó ń kọ́ Prámárì Kejì. Ó ti pẹ́ tó ti wọlé ọkọ, síbẹ̀ "Ìyàwó" la ṣì ń pè é, torí kò tíì bí ọmọ tí a ó fi máa pè é ní ìyá lágbájá. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó sún mọ́ mi.

"Àǹtí, dókítà n'Íbàdàn ní kí èmi àti ọkọ mi jọ wá fún àyẹ̀wò. Ìyá ọkọ mi ò gbà. Wọ́n ní kò sóhun tó ṣe ọmọ àwọn, àwọn á kúkú fẹ́ obìnrin mìíràn fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo lọ sí ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ ní Sátidé. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Ọmọ wọn, ọkọ Ìyàwó, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Tíṣà, káàbọ̀," ni wọ́n wí. "Èmi náà ní rédíò o. Ọmọ inú ìgò lẹ fẹ́ gbé wá bá mi."

Mo ní àyẹ̀wò lásán ni, kò sí ìgò kankan n'Íbàdàn. Wọn ò gbà mí gbọ́.

"Bó bá ń ké láàárọ̀, oríkì ta ni màá fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Ti dókítà?"

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé kì í ṣe Ìyàwó ni wọ́n kórìíra. Ẹ̀rù ọmọ tí kò ní ìdílé ló ń bà wọ́n.

"Màmá, kódà ọmọ inú ìgò yẹn, ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ ni wọ́n mú pàdé níbẹ̀. Oríkì ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n á kì fún un, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ní oríkì."

"Wọn ò ní?"

"N ò rò pé wọ́n ní, mà."

"Ó mà ṣe o! Kí ni wọ́n wá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún?" Wọ́n tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Ti bàbá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀?"

"Dandan ni, mà. Láìsí ti bàbá, ìgò òfìfo ni. Ìdí tí dókítà fi fẹ́ rí àwọn méjèèjì nìyẹn. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ obìnrin ni ìṣòro wà, ó sì lè jẹ́ ọ̀dọ̀ ọkùnrin."

Mo rò pé wọ́n á lé mi. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í wí bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkùnrin. Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Ìwọ tó ń díbọ́n yìí, ọjọ́ wo ni dókítà dá?"

"Ọjọ́ Ẹtì, mà."

"Tẹ̀lé ìyàwó rẹ. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé."