Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Láàárín Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí nídìí ṣẹ́ẹ̀sì ní Sátidé tó kọjá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o!

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ẹ̀sì wa ní Harobanda, lódìkejì odò nílùú òkèèrè tí à ń gbé, fẹ́ kó ènìyàn mẹ́rin lọ sí ìdíje ní Cotonou. Mẹ́ta ti pé. Èmi àti Zeinabou la jọ ń du àyè tó kù, ayò kan péré ló sì máa parí ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí, wọn ò mú mi lọ síbì kankan rí. Ó ń dùn mí gan-an!

Ìbẹ̀rẹ̀ ayò ló máa ń pa mí. Mo bá gbé ètò ìdánrawò kan sínú kọ̀ǹpútà mi. Háà, ẹni tó ṣe nǹkan yẹn gbọ́n! Èmi ni mo máa yan bí mo ṣe fẹ́ máa bẹ̀rẹ̀. Òun á ta tiẹ̀, á wá dúró de èsì mi. Tí mo bá ṣì í, kò ní bú mi, àmọ́ lọ́la á tún gbé ibẹ̀ gan-an wá. Olùkọ́ wo ló ní irú sùúrù yẹn?

Ṣọ́ọ̀bù aṣọ bàbá mi lọ́jà Wadata ni mo ti máa ń ṣe é, tí ọjà bá dákẹ́ lọ́sàn-án. Bàbá ò mọ ṣẹ́ẹ̀sì rárá. Síbẹ̀, bí mo bá ti ta nǹkan, wọ́n á ní, "Kí ló dé tó o gbé e síbẹ̀?" Mo ní kọ̀ǹpútà ló ní kí n gbé e síbẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe èsì, pé ẹni tó ń ta aṣọ tí kò mọ bó ṣe máa ń ṣe tómi bá kàn án, oníbàárà á dójú tì í lọ́jọ́ kan.

Ni mo bá ń ṣàlàyé o, pẹ̀lú Yorùbá mi tí kò jinlẹ̀, tí mò ń fi Faransé àti Zarma, èdè àwọn ará ibí, dí i! Nígbà tó yá, mo ń kọ ìdí tí mo fi ta ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan sínú ètò náà: "Ẹṣin yìí ń ṣọ́ àárín pátákó."

Sátidé dé. Gbogbo ẹ̀ ń lọ bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo gbé ẹṣin mi, ó ku kí n gbé e síbi tó ti máa ṣọ́ àárín, ni Bàbá bá wọlé! Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Kí lọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa ṣe? Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú!

Nígbà tí mo máa dìde, ẹṣin ti wà létí pátákó lọ́hùn-ún, ọwọ́ mi ò sì sí lára ẹ̀ mọ́. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tọ́wọ́ bá ti fi sílẹ̀, kò ṣeé mú padà. Mo gbé!

Gbogbo ohun tí mo há sórí di òfo. Ẹkún fẹ́ gbọ̀n mí. Mo gbójú sókè, Bàbá ti jókòó, wọ́n ń wo pátákó bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Mo bá bi ara mi pé, kí ni ẹṣin yẹn fẹ́ ṣọ́ tẹ́lẹ̀? Àárín. Ta ló tún lè bá mi ṣọ́ ọ? Mo fi àwọn ọmọ ayò yòókù dí ibẹ̀, mo wá rọra yí ẹṣin náà padà wálé. Ó pẹ́ o, òógùn bò mí, àmọ́ Zeinabou ló kọ́kọ́ nawọ́ sí mi pé òun gbà pé mo ti jẹ òun. Èmi ni mò ń lọ sí Cotonou!

Nínú takisí, lórí afárá, Bàbá ní, "Ẹṣin tó wà létí yẹn, kí ló dé tó o gbé e síbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mò ń kí, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ìyẹn náà, ìdí ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ ló kọ́ mi lóhun tí màá ta, mo sì ń yìn ín. Àmọ́ ẹni tó ń bi mí ní ìdí ló gbà mí lọ́jọ́ tí gbogbo ẹ̀ dàrú. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló fi ìbéèrè yọ yín lẹ́nu tẹ́ ẹ wá padà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ jẹ́ ká jọ gbádùn ẹ̀.