Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Jàrátù Gbé Mì

Bí o bá fẹ́ kí gbogbo Òkè-Onígbìn gbọ́ ọ̀rọ̀, sọ ọ́ sétí Jàrátù tó ń ta òrí. Kò níkà nínú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìlẹ̀kùn. Yàhàyá ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́run gbàgbé láti dé e lómọrí. Sàlíhù, àbúrò Jàrátù, nìkan ni kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ìyá wọn kú nígbà tí ọmọ náà ṣì ń mu ọmú, ẹ̀yìn Jàrátù ló dàgbà sí. Owó òrí Jàrátù ló fi kọ́ṣẹ́ tó fi ṣí kẹ́mísìtì.

Nígbà òjò tó kọjá, àdá ṣá Yàhàyá lẹ́sẹ̀ lóko. Ní kẹ́mísìtì, Sàlíhù gún un ní abẹ́rẹ́ tí í mú ojú ọgbẹ́ kú tipiri. Ọgbẹ́ náà gùn, Sàlíhù sì gún un yí ká, oògùn tó lò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò dá, kò lè rán an. Ó ní kí wọ́n tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn l'Ómù-Àrán. Jàrátù nìkan ló bá ọkọ rẹ̀ gun ọ̀kadà lọ.

Fìyìnfólúwa, nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n, fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó wá dúró.

"Ìyá, oògùn ìkúlára yìí ní ìwọ̀n. Bó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá ọkàn dúró. Ṣé ẹnikẹ́ni ti fún bàbá ní abẹ́rẹ́ lónìí?"

Yàhàyá wo ìyàwó rẹ̀. Lóṣù yẹn, ìjọba ń kó àwọn oníkẹ́mísìtì tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ sẹ́wọ̀n.

"Rárá o," ni Jàrátù wí. "Oko la ti ń bọ̀ tààrà."

Nọ́ọ̀sì gún un tán. Kò pẹ́, Yàhàyá ní etí òun ń hó, ẹnu òun sì ń dùn bí irin. Gìrì mú un. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà títí, kò jí mọ́. Jàrátù fẹ́ sọ ti abẹ́rẹ́ Sàlíhù nígbà náà, ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Sàlíhù kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti di aṣọ mi, mo ń retí ọlọ́pàá. Wọn ò wá. Ẹ ṣáà sọ fún nọ́ọ̀sì pé mo ti gún un? Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn, pé wọn ò ní fi oògùn mìíràn lé tèmi. Mo mọ̀ pé ẹ kì í pa nǹkan mọ́."

Jàrátù fi ọwọ́ lé e lórí, bó ti máa ń ṣe nígbà tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn. Ó fi ìborùn nu omijé ojú àbúrò rẹ̀, ó ní kó dìde lọ jẹun.