Orúkọ Tí A Pè Nídìí Igi Apá

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, ní abà bàbá mi lójú ọ̀nà tó lọ sí Kétu, igi apá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí a kì í wò bí oòrùn bá ti wọ̀. Mo kọ ọ́ pé "a kì í wò". Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi nìkan ni n kì í wò ó. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ ìrántí mi sílẹ̀, ohun tí mo sì rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìrántí a máa purọ́ láìmọ̀ pé òun ń purọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbà mí gbọ́ tán.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n sọ àsíà Faransé kalẹ̀ tí a sì gbé tiwa sókè. Ní lékọ́ọ̀lù, ìyẹn ilé ìwé wa, orin tuntun ni wọ́n ń kọ́ wa. Ní abà, ohun àtijọ́ ṣì wà ní ipò rẹ̀. Igi apá náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn àgbà ní orí rẹ̀ ni àwọn ẹyẹ òru ti ń ṣe ìpàdé. Kóró èso rẹ̀ dúdú, ẹnu kóró náà sì pupa bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ nǹkan tán. A kì í ṣà á.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún kan ló wó o. Ìjì gbé e lulẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, ó fi kòtò ńlá sílẹ̀, òjò sì kún inú kòtò náà. Ẹ rántí pé orí ilẹ̀ gíga ni a wà. Kànga jìn, omi òjò tí a gbè sínú ìkòkò ńlá ni a fi ń gbé ìgbésí ayé wa. Ìyá mi sì ń ṣe irú. Irú kò mọ iná kékeré, kò sì mọ omi díẹ̀. Nígbà tí àwọn ará abà rí igi apá nílẹ̀ tí wọ́n ń káwọ́ lórí, igi ìdáná ọdún kan gbáko ni ìyá mi rí, pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bàbá mi lọ bẹ agégi kan ní Kétu, ọkùnrin àgbàlagbà tó ní ayùn ńlá tí ènìyàn méjì ń fà. Kó tó fi irin kan igi, ó pè wá jọ, ó sì sọ òfin iṣẹ́ rẹ̀ fún wa: bí a bá ń gé igi àgbà, a kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀ títí a ó fi gbé ìtì ìkẹyìn kúrò. Igi tó ń kú lọ a máa tẹ́tí. Orúkọ tó bá gbọ́, á mú un dání lọ. Orúkọ iṣẹ́ ni kí á máa pe ara wa. Báyìí ni ìyá mi ṣe di Oníirú, tí bàbá mi di Agùn-bí-Òpó. Èmi ni Madáàmù Lékọ́ọ̀lù. Àbúrò mi obìnrin, tó kéré jù nínú wa, ni wọ́n sọ ní Ìyá Àgbà. Agégi fúnra rẹ̀, nítorí eyín rẹ̀ tó yọ síta, ní kí á máa pe òun ní Eyín-Ayùn.

"Oníirú," ni ó máa ń wí, "bí òórùn ìkòkò rẹ yìí kò bá lé àwọn ará orí igi yìí lọ, ayùn mi kò lè lé wọn o."

"Eyín-Ayùn, ẹ fi eyín yín gé e kí ayùn lè sinmi."

"Agùn-bí-Òpó, ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń fi ojú mi rí?"

"N kò sí níbẹ̀ o," ni bàbá mi á dáhùn. "Ayùn ni èmi ń fà."

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu wọn. Mo rí i pé bàbá mi kì í kọ ẹ̀yìn sí igi náà.

Wọ́n gé ẹ̀ka tán, wọ́n là wọ́n, wọ́n tò wọ́n jọ; ó wá ku ìtì ńlá. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja, gbòǹgbò rẹ̀ dúró ní ìdí bí ògiri, kòtò omi sì wà lẹ́yìn ògiri náà, níbi tí àwọn tó ń fa ayùn kò ti lè rí i. Èmi wà ní ẹ̀gbẹ́, mo ń ṣa èérún igi; mo ń rí wọn, mo sì ń rí kòtò. Àbúrò mi ti sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, omi dé orúnkún rẹ̀, ó ń fi igbá bu omi sínú agbè.

Ìdákẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ayùn dúró. Agégi tẹjú mọ́ ibi tí wọ́n ń gé: ojú ọgbẹ́ igi náà ń là sí i fúnra rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni erùpẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ara gbòǹgbò sínú omi. Ògiri gbòǹgbò mì. Ó tún mì. Ó fẹ́ padà sí ibi tó ti hù.

"Ta ló wà lẹ́yìn?" ni agégi kígbe.

"Ìyá Àgbà!" Ohùn bàbá mi ti yí padà. "Ìyá Àgbà, jáde! Jáde kúrò níbẹ̀!"

Ṣùgbọ́n eré ni orúkọ yẹn jẹ́ fún àbúrò mi. Ó tẹ ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ di ìbàdí bí arúgbó, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe láti pa wá lẹ́rìn-ín. "Ìyá Àgbà ń bọ̀ o," ni ó wí, kò sì kúrò lójú kan. Òjìji gbòǹgbò ti bò ó lórí. Mo la ẹnu mi. Òfin dí i.

Ìyá mi ti ń sáré bọ̀ láti ìdí iná, orógùn lọ́wọ́. Ó rí i pé òun kò lè bá a. Ó dúró. Ó sì pe orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó pè é pẹ̀lú ohùn tó fi ń pè é bó bá fọ́ àwo. Ẹ̀rín kú lójú ọmọ náà. Ó ju igbá nù, ó fò gun etí kòtò.

Igi náà dìde. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, omi tú sókè, ó sì rọ̀ lé wa lórí. Nígbà tí mo lajú, kùkùté apá ti dúró ṣánṣán níbi tó wà láti ayébáyé, bí ẹni pé ìjì kankan kò jà rí. A kò rí igbá náà mọ́.

Agégi ṣí fìlà rẹ̀. "Ó ti gbọ́," ni ó wí.

"Kó gbọ́," ni ìyá mi wí. "Ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò pe orúkọ yẹn mọ́. Nígbà tí àbúrò mi wọ lékọ́ọ̀lù, orúkọ mìíràn ni bàbá mi mú lọ. Bí ibà bá mú un, ìyá mi a máa wo ìhà ibi tí kùkùté wà. A sì ń fi igi náà dáná, nítorí irú kò lè dúró. Bí igi náà bá ta nínú iná, mo máa ń rò pé orúkọ ló ń pè.

Ní yunifásítì ni mo ti kà á pé gbòǹgbò tí kò já tán a máa fa ìdí igi padà, bí a bá ti gé ẹrù ìtì kúrò lára rẹ̀. Ó yé mi. Ẹ̀rù náà kò lọ. Èyí tó tún burú ni pé àbúrò mi kò gbà pé ẹnikẹ́ni pe òun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀," ni ó máa ń wí. "Erùpẹ̀ ló bọ́ sí mi lórí tí mo fi sá." Bó bá jẹ́ pé òun ló tọ̀nà, a jẹ́ pé ìyá wa kò rú òfin kankan, lásán ni a sì bẹ̀rù. Kí ìyá wa tó kú, mo bi í bóyá òun pè é lóòótọ́. Ó ní kí n bá òun bu omi wá.

Ayé ti yí. Gáàsì ni a fi ń dáná, ẹ̀rọ omi wà lójúde, igi tíìkì sì wà ní ìlà-ìlà níbi tí apá wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ayùn oníná gé e, wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn bò ó mọ́lẹ̀. Èmi a sì wọlé, n á ti fèrèsé. Àbúrò mi ti di ìyá àgbà ní tòótọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ di ìbàdí bó bá ń rìn.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ bi mí léèrè orúkọ tí wọ́n sọ ìyá àgbà rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Mo ní mo ti gbàgbé. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, orúkọ náà tí n kò kọ sílẹ̀ nìkan ni ó dá mi lójú.