Ihò Ara Ògiri Ọkàn Àmínátù

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni a kúrò ní Òkèrèwè, èmi, ìyá ọkọ mi, àti Àmínátù ọmọ mi, ọmọ oṣù méje, tí ìyá àgbà rẹ̀ pọ̀n. Ìbàdàn là ń lọ ṣe ẹ́kò, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ọkàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú àyà. Nọ́ọ̀sì tó fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló gbọ́ ariwo kan láyà rẹ̀, tó ní kí a má fi falẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni owó ọkọ̀. Dírẹ́bà bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá, ara ọmọ ńkọ́?"

Ìyá ọkọ mi ní, "Alihamudulilahi."

Ní Ìkirè, mo ra dòdò wọn, èyí tó dúdú tó sì ń ta lẹ́nu. Ẹni tó tà á fún wa béèrè ọmọ, òun náà gba Alihamudulilahi tirẹ̀. Nílé wa, a kì í ka àìsàn ọmọ fún àjèjì. Kòtò kan lẹ́yìn Ìkirè ló da ìyókù dòdò mi sílẹ̀.

Nílé ìwòsàn n'Íbàdàn, dókítà mú bírò. "Ṣé ó máa ń làágùn tó bá ń mu ọmú?"

"Alihamudulilahi," Ìyá dáhùn.

"Ṣé mímí ẹ̀ máa ń yára?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé ó ń sanra?"

"Ọmọ wa ò ṣe nǹkan kan, dókítà."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ọmọ le. Èmi sì mọ̀ pé irun orí rẹ̀ máa ń rin gbindin kó tó mu ọmú tán. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í ta ko ìyá ọkọ rẹ̀ lójú àjèjì.

Dókítà gbé ẹ̀rọ lé ọmọ láyà. Ó ní yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọkàn, pé ògiri tó wà láàárín méjì ti ìsàlẹ̀ ní ihò, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá. "Ó máa ń dí fúnra ẹ̀ nígbà mìíràn. Tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ le bí màmá ṣe wí, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú." Mo wá kọjú sí dókítà. "Ó ń làágùn, sà. Ó ń mí bí ẹni tó ń sáré. Kò sanra sí i láti oṣù méjì sẹ́yìn."

Dókítà fa ìlà sórí ohun tó kọ. Ó ní ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn lónìí, kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé òun yóò kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ.

A padà dé Ìkirè. Níbẹ̀ ni Ìyá ti ra dòdò, ó gbé e lé mi nítan láìwo ojú mi.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Òkèrèwè. Ìyá Mọ́ṣúúdì, aládùúgbò wa, ń sẹ́ ògì lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú àbọ̀. Ara ọmọ ńkọ́?"

Mo dúró de Alihamudulilahi.

Ìyá tú ọ̀já, ó gbé Àmínátù wá síwájú. "Ihò wà lára ògiri ọkàn ẹ̀," ó ní. "Ó máa ń làágùn tó bá ń mu ọmú."

Ìyá Mọ́ṣúúdì gbé asẹ́ sílẹ̀. "Ọmọ ọmọ tèmi náà ń làágùn," ó ní. "Ọjọ́ wo lẹ tún ń lọ?"