Ọkùnrin Tó Sá Nínú Ìwé Mi

Ní ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìtàn àròsọ mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ tó jẹ́ ẹni gidi, pé bí ẹnìkan bá jọ ẹnìkan, wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Àwa tí à ń kọ ìtàn ayé àtijọ́ fẹ́ràn ojú ìwé yẹn. A máa ń sá sẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ tó dẹ́ṣẹ̀ ṣe ń sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Ohun tí n kò rò ni pé wọ́n máa ka ìwé náà lórí rédíò, àti pé kò sí ẹni tó máa ń ka irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ sétí aráyé.

Ìwé náà dá lórí ìgbà tí àwọn èèyàn wa tó wà lábẹ́ Faransé ń sá fún iṣẹ́ àfipáṣe, tí wọ́n ń gba inú igbó kọjá sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó mọ ọ̀nà igbó, tó ń sin irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kọjá ààlà. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ìró ìbọn àwọn ẹ̀ṣọ́, ló bá ki eré mọ́lẹ̀, ó fi àwọn tó ń tẹ̀ lé e sílẹ̀. Ẹni gidi ni. Ayétòrò ló gbé, ẹ̀yìn ọgbà ilé wa gan-an, ó sì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn eré tó sá yẹn. Wọn kì í kàn sọ ọ́ sókè ni.

Mo pa á dà o, kí ẹ má rò pé n kò gbìyànjú. Èèyàn kúkúrú ni. Mo sọ ọ́ di gíga. Obì ló ń tà; mo ní iyọ̀ ni. Mo gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ọmọ, mo gbé e lọ sí ìlú tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ dó. Ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń kí i láàárọ̀ ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ìyá wo nílẹ̀ wa ló máa rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láàárọ̀, tó máa ní "ṣé o jí ire", táá sì dákẹ́? Ó gbọ́dọ̀ kì í. Oríkì tó wá sí mi lọ́wọ́ ni èyí tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré lódìkejì ògiri ọgbà wa, tí àwọn ìyàwó ilé ọkùnrin náà fi ń ki ọkọ wọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo daṣọ bo ọkùnrin náà látòkè délẹ̀, mo wá fi ojú rẹ̀ síta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ka ibẹ̀ lórí rédíò, fóònù mi dún ní Ìlaròó, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà ní pólì. Ìyá mi ni.

"Olùkọ́ àgbà," ó ní. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. "Ìwé rẹ ti délé. Màmá ẹ̀yìn ọgbà ní kí o wá rí òun lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán."

Ẹ̀rù bà mí. Màmá ẹ̀yìn ọgbà ni àbíkẹ́yìn ọkùnrin náà, òun nìkan ló sì kù láyé nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, nígbà tí ìyá mi ṣì ń bẹ̀rù àtigbé mi. Ìrìn tàgétàgé ló ń rìn nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó sì máa ń sọ fún ìyá mi pé òun ò rántí nǹkan kan nípa rẹ̀, àfi ẹsẹ̀ àwọn tó wá sìnkú. Èmi ni mo wá gbé bàbá náà jáde fún un lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, mo sì ní kó máa sá lọ.

Láti Ìlaròó títí a fi kọjá Igbogila ni mo ń to àwíjàre. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ẹ̀dá ìtàn kì í ṣe èèyàn, pé òǹkọ̀wé a máa mú imú ẹnìkan, a mú ẹsẹ̀ ẹlòmíì, a wá fi amọ̀ tirẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ó máa ń dùn létí ní kíláàsì.

Màmá jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, rédíò rẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà so wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé yí i ká, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá mi ti kúnlẹ̀ kí èmi tó kúnlẹ̀.

"Ẹ bá wa forí jì í, Màmá. Ìwé ló ń dà á láàmú."

"Má tíì bẹ̀ mí." Ó kọjú sí mi. "Ọkùnrin inú rédíò yẹn, ṣé bàbá mi ni?"

"Ẹ̀dá ìtàn ni, Màmá. Mo kàn rò ó ni."

"Bí kì í bá ṣe bàbá mi, kí ló ń fi oríkì wa ṣe?"

Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo da gbogbo àwíjàre tí mo ti ń tò bọ̀ láti Ìlaròó nù.

"Bàbá yín ni," mo ní. "Ẹ má bínú pé mo ní ó sá."

"Ó sá kẹ̀. Ìbọn ń dún, kó dúró kí i? Ká ní kò sá, ṣé wàá rí mi bá sọ̀rọ̀ lónìí?" Ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ díẹ̀. "O sì jẹ́ kó ga. Ìyẹn dáa, má yí i padà."

"Tí ẹ bá fẹ́ kọ tèmi," ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "ẹ jẹ́ kí n pupa díẹ̀."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Ohun tó dùn mí ni pé kò bímọ. Ó kú sínú ìwé rẹ láìbímọ, gbogbo ayé sì ń gbọ́ ọ. Èmi wá dà? Ta ló bí mi?"

Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ojú tì mí. Mo gba ọmọ lọ́wọ́ ọkùnrin náà kí wọ́n má baà dá a mọ̀. N kò ronú pé ọmọ náà wà lẹ́yìn ọgbà, tó ń gbọ́ rédíò.

Màmá ń bọ́rọ̀ lọ. "Ṣùgbọ́n búrẹ́dì yẹn, ta ló sọ ọ́ fún ọ?"

Nínú ìwé náà, ọkùnrin yìí ti òdìkejì ààlà dé ní ìdájí, ó fi búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé sábẹ́ bùbá kí ìrì má baà pa á. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dá a jẹ. Èmi ni mo ro búrẹ́dì náà látòkè délẹ̀. Ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ tí mo kọ ibẹ̀.

"N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí," Màmá ní. "Èèpo rẹ̀ le, ó ń gún mi lẹ́nu. Inú rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí àyà ni bàbá mi gbé e sí. Ó bù ú, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo rí ojú rẹ̀." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí wa kí a wò ó.

Ìyá mi wò mí. Mo fẹ́ la ẹnu, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà.

"Àwọn àgbà ló sọ ọ́ fún mi, Màmá," ni mo wí.

"Mo mọ̀. Tún un kọ. Kọ ọ́ pé èmi ló bù ú fún."

Mo tún un kọ. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bàbá rẹ̀ ṣì ga, ó ṣì ń sá. Mo fi ojú ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, pé kò sí ẹni gidi kankan níbẹ̀. Kò kúkú sẹ́ni tó ń kà á.

Nígbà tí wọ́n tún kà á lórí rédíò, mo wà ní Ayétòrò. Màmá ní kí àwọn ìyàwó ilé panu mọ́, ó gbé rédíò sórí itan. Wọ́n ka ibi tí ọkùnrin náà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ rẹ̀ na ọwọ́, tó bu búrẹ́dì lé e. Màmá yíjú sí gbogbo wa.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Èmi nìyẹn."